Ife Omi Kan Láti Inú Táǹkì Kẹta

Ilẹ̀kùn táǹkì kẹta kọ̀, kò ṣí.

Abọ́sẹ̀dé tún gbé Etí Ìlú tó fi kọ́rùn sún mọ́ ọn. Ohun pẹlẹbẹ kan ni, kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò méjì lọ, ó sì ń tàn fírífírí bí ojú ẹja. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ ìbò ti fa orúkọ Abọ́sẹ̀dé yọ láàárín ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn tó ń gbé Erékùṣù Àtẹ́lẹwọ́, pé òun ni Olùbéèrè ọdún yìí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀kùn tí Etí náà kò tíì ṣí fún un. Ó ti ṣí ilé ìgbìmọ̀. Ó ti ṣí àká oúnjẹ. Lánàá, ó ṣí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àdéhùn ìlú sí, akọ̀wé àgbà ibẹ̀ sì dìde fún un bí ẹni pé ìyá ọba ló wọlé, bẹ́ẹ̀ òróró ẹ́ńjìnnì ṣì dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀. Òfin ni: títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ìbéèrè, ilẹ̀kùn kankan kò gbọdọ̀ tì mọ́ Olùbéèrè. Ọ̀la sì ni Ọjọ́ Ìbéèrè.

Etí náà dún pín-ín. Ọ̀pá irin inú ilẹ̀kùn gbọ́ ọ, ó fà sẹ́yìn. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò mira. Abọ́sẹ̀dé bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ koríko tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì rí àgádágodo kan níbẹ̀, irin lásán, irú èyí tí àwọn baba ńlá wọn dì mẹ́rù nígbà tí òkun lé wọn kúrò ní etíkun àtijọ́. Irin yẹn kò mọ òfin. Kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kankan.

"Ta ló ń fi nǹkan pamọ́ fún ìlú níbí?" ni ó wí fún ara rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni Abọ́sẹ̀dé ń tún ṣe ní èbúté láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta báyìí. Ẹni tó bá ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró de kí a ṣílẹ̀kùn fún òun kó tó mọ ohun tó wà nínú ilé. Ó yọ sípánà ńlá jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó lọ sí ara táǹkì kìíní, ó kàn án: dù. Ó lọ sí ara ìkejì, ó kàn án: dù. Ó padà wá sí ìkẹta, ó gbé ọwọ́ sókè.

Gbọ̀-ọ̀-ọ̀-ọ̀n.

Ìró náà lọ jìnnà lórí òkè, ó sì pẹ́ kó tó kú. Abọ́sẹ̀dé dúró, sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣófo ló ń dún bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn án mọ́."

Òkẹ́, àbúrò rẹ̀, ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni olùtọ́jú táǹkì fún ìlú láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Abọ́sẹ̀dé ló sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó jọ ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ pípẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù márùn-ún."

"Òkẹ́! Oṣù márùn-ún?"

"Ọjọ́ tí ilẹ̀ mì ni. Ara rẹ̀ sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo omi inú rẹ̀ ti bá yanrìn lọ. Mo sáré tọ Olórí lọ. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, pé sìmẹ́ǹtì wà lójú ọ̀nà, pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Mo bá fi okùn so ọwọ́ òṣùwọ̀n mọ́ ibi tó wà. Sìmẹ́ǹtì dé lóòótọ́. Odi òkun apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kó o lọ."

"Nítorí ìdìbò Olórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mélòó ló kù fún wa?"

"Bí a ṣe ń lò ó yìí, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òjò sì di oṣù méjì sí i. Ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ lára omi òkun kò lè gbé wa, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń pèsè kò tó ìdá márùn-ún ohun tí à ń mu."

Abọ́sẹ̀dé gbójú sókè. Lórí ilẹ̀kùn táǹkì, fìtílà omi tí òṣùwọ̀n ń darí ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ dúdú rẹ́súrẹ́sú bí aró. Irú fìtílà yẹn kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ní Àtẹ́lẹwọ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ aró, omi tó wà nílẹ̀ ju ti ọgọ́ta ọjọ́ lọ, kí kálukú wẹ̀ kó sì fọṣọ. Bó bá di àwọ̀ ìyeyè, kí ìlú fura. Bó bá pọ́n, kò tó ọgbọ̀n ọjọ́ mọ́, ife mẹ́fà ni ẹnì kan lóòjọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ti mọ fìtílà kà. Ẹni tó bá sì mú fìtílà purọ́, erékùṣù yóò bì í jáde fún ọdún méje. Òfin yẹn kò ní àfikún, kò ní àyọkúrò.

"Bí o bá lọ sọ ọ́ fúnra rẹ lónìí ńkọ́?"

"Ọdún méje náà ni. Òfin kò yà á sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n, oyún ìyàwó mi ti pé oṣù méje. Nǹkan mìíràn pọ̀ tí ẹ lè bèèrè lọ́la. Ẹ bèèrè nǹkan mìíràn."

Abọ́sẹ̀dé ki sípánà bọ àpò, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà.

*

Òfin ló kọ́ ilé Olórí sí etí omi gan-an, nísàlẹ̀ gbogbo ilé, kí òkun tó bá fẹ́ wọ̀lú lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé débẹ̀ lọ́sàn-án, Olórí Adégòróyè ti ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún, ó ń fi igbá gbọ́n omi òkun kúrò ní yàrá àlejò rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó gbẹ, ó ga. Òun nìkan ló wà nílé; Olórí kì í ní ọmọ ọ̀dọ̀ ní Àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀. Má kúnlẹ̀, ilẹ̀ tutù."

Síbẹ̀ Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀, omi sì rin ín dé itan. "Ẹ kú iṣẹ́, Baba."

"O ti kan táǹkì."

"Òkẹ́ ló wá sọ fún yín?"

"Òkẹ́ kò wá. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́ láti ibí. Oṣù márùn-ún rèé tí etí mi ti ń retí ìró yẹn." Ó gbé igbá sílẹ̀, ó fa àga fún un, òun náà jókòó. "Ó dára. Sọ ohun tó wà nínú rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ fi gbé sìmẹ́ǹtì táǹkì lọ sí odi òkun?"

"Odi náà ti ń yẹ̀. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló ń sùn lẹ́yìn rẹ̀."

"Odi náà ti ń yẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, Baba. Ọ̀sẹ̀ ìdìbò ni ẹ tó rí i."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Òótọ́ ni. Odi òkun, ojú gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Inú táǹkì, ta ló ń wò ó? Mo ní kí n fi sìmẹ́ǹtì yẹn mú ìbò ná, pé òjò tó ń bọ̀ yóò gbé wa títí n ó fi rí òmíràn tún táǹkì ṣe. Òjò náà kò wá dáadáa. Bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún ọ nínú ilé yìí."

Abọ́sẹ̀dé kò mọ bí yóò ṣe bínú sí i. Ọdún keje rèé tí òkúta odi òkun wó lu Àjàní, ọkọ rẹ̀, nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Adégòróyè fúnra rẹ̀ wọ omi lọ́jọ́ náà, lójú ìjì, kó tó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní ìyàwó wa.

"Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ìrẹsì ń bọ̀ lọ́jọ́ mẹ́jọ òní?" ni Olórí bi í. "Kí lo rò pé wọ́n ń wá ṣe lọ́dọ̀ wa? Iyọ̀? Iyọ̀ wà níbi gbogbo. Ẹja gbígbẹ? Wọ́n ní i. Omi mímu ni wọ́n ń yà bù, nítorí pé láti ibí dé èbúté tó kàn, ọjọ́ mọ́kànlá ni. Nítorí omi ni wọ́n ṣe ń já ìrẹsì oṣù mẹ́rin sílẹ̀ fún wa. Bí wọ́n bá rí i pé fìtílà ilé-ìṣọ́ èbúté pọ́n, wọn ò tiẹ̀ ní dẹ ìrìn. Wọn yóò kọjá lọ."

"Ìlú ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ kò bi ìlú?"

"Ìlú!" Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. "Ìlú tó jẹ́ pé bí o bá sọ fún un pé omi kù díẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọn yóò ti rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ilé wọn? Ẹni tó ní ìkòkò méjì yóò mu, ẹni tí kò ní yóò kú. Abọ́sẹ̀dé, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn."

"Omi wo lẹ dà síwájú, Baba? Táǹkì náà ṣófo."

Ìgbì kékeré kan wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó yí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ká, ó padà.

"Bi mí nípa odi òkun lọ́la," ni Adégòróyè wí. "Bi mí nípa ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi èbúté sílẹ̀, èmi fúnra mi yóò bọ́ sí Pápá Ìjíhìn, n ó sọ gbogbo rẹ̀. N ó kó ẹ̀bi Òkẹ́ mọ́ tèmi, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Mo fi orí Àjàní búra."

Abọ́sẹ̀dé gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ì bá jẹ́ pé òpùrọ́ paraku ló jókòó síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

*

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó gba àárín àdúgbò kọjá. Ẹnu ọ̀nà gbogbo ń tàn bí aró. Bàbá kan ń ṣan ọkọ̀ rẹ̀ tó gbé sórí ìyangbẹ ilẹ̀, ó ń da omi sí i gbàràgbàrà. Àwọn ìyá ń wẹ ọmọ nínú ọpọ́n, ọṣẹ ń ṣàn lọ sójú títì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tirẹ̀, Ìyá Bísóyè, opó àádọ́rin ọdún tó fẹ́ràn ọgbà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ, ń bomi rin òdòdó.

"Olùbéèrè wa!" ni màmá náà ké. "Wá bu omi ṣan ẹsẹ̀, iyọ̀ ti gbẹ sí ọ lára. Bù ú dáadáa, omi pọ̀!"

Ó na garawa sí i. Omi náà mọ́ kedere. Abọ́sẹ̀dé wo inú rẹ̀, kò sì lè na ọwọ́.

"Ẹ ṣeun, Mà. Màá ṣàn án nílé."

Nínú ilé, ó jókòó sórí àpótí, ó ṣe ìṣirò náà lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìlú yóò mu mẹ́jọ nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ọkọ̀ yóò rọ ti ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bí Olórí bá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, bó bá jáde lọ́jọ́ náà gan-an, mẹ́jọ ni yóò kù, pẹ̀lú ìrẹsì rẹpẹtẹ tí kò sí omi tí a ó fi sè é. Ṣùgbọ́n bí fìtílà bá pọ́n lọ́la, bí kálukú bá ń mu ife mẹ́fà rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà yóò fà dé oṣù méjì, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òjò. Ìṣirò náà kò le rárá. Bóyá Adégòróyè náà ti ṣe é, tó sì ti mójú kúrò, tó ń retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀rù lè mú ọlọ́gbọ́n gbàgbé àròpọ̀.

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bóyá yóò rí ibì kan tí Òkẹ́ lè gbà yọ. Kò rí i.

Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́jú, ó fi omi ìbọ́jú náà fọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́la.

*

Kí oòrùn tó mú, Pápá Ìjíhìn ti kún. Adégòróyè dúró láìwọ bàtà lórí òkúta àárín pápá, bí gbogbo Olórí ti ń ṣe lọ́dọọdún. Òfin Ọjọ́ Ìbéèrè kò gùn: ìbéèrè kan ṣoṣo, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí. A kì í fi ẹnu dáhùn. Bí wọ́n bá bi Olórí léèrè afárá, yóò kó ìlú lẹ́yìn lọ sí afárá. Lọ́dún tó kọjá, apẹja kan bèèrè oògùn ibà, wọ́n sì ka ìgò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ẹní.

Abọ́sẹ̀dé tẹ Etí Ìlú. Ó tàn yòò. Láti ìgbà náà, ohun tó bá sọ yóò dún nínú gbogbo ilé tó wà ní erékùṣù, yóò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lórí ibùsùn àti ọlọ́kọ̀ lórí omi. Ó wá Òkẹ́ láàárín èrò. Ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Òkẹ́ mi orí sí i pé rárá, díẹ̀ báyìí, bí ọmọdé tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Olórí," ni Abọ́sẹ̀dé wí, "ẹ bu ife omi kan fún mi láti inú táǹkì kẹta."

Ẹ̀rín bú sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo pápá.

"Ọdún kan gbáko!" ni ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ọdún kan gbáko la fi retí, omi lo wá bèèrè? Wá sílé mi, màá fún ọ ní korobá kan!"

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn tó wà níwájú rí ojú Adégòróyè. Ẹ̀rín náà kú láti iwájú lọ sẹ́yìn. Olórí wo Abọ́sẹ̀dé pẹ́. Ó lè sọ pé kọ́kọ́rọ́ sọnù. Ó lè ní ara òun kò yá. Abọ́sẹ̀dé rí i pé ó rò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni ó wí.

Ìlú tẹ̀lé e gun òkè. Ní ẹnu ilẹ̀kùn táǹkì kẹta, Òkẹ́ jáde láàárín èrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó kúnlẹ̀ nínú koríko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ kò ríhò wọ̀. Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ tì í. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ yí i.

Adégòróyè gba ife, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dún lórí irin, kò-kò-kò, títí ó fi dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe dúró, wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń padà bọ̀. Ó jáde sínú oòrùn. Ó na ife náà síwájú gbogbo ènìyàn, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Yanrìn ló tú jáde.

"Oṣù márùn-ún," ni ó wí. "Èmi ni mo pa á láṣẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Òkẹ́ wọ yàrá òṣùwọ̀n lọ, ó já okùn. Fìtílà orí ilẹ̀kùn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó di àwọ̀ ìyeyè, kò sì dúró níbẹ̀, ó pọ́n. Láti orí òkè, wọ́n rí i bí pupa náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, títí dé etí omi, títí dé orí ilé-ìṣọ́ èbúté.

Obìnrin kan figbe ta. Ọkùnrin kan yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sílé, ẹlòmíràn tẹ̀lé e, kí a tó ṣẹ́jú, ogún ènìyàn ti ń sáré. Abọ́sẹ̀dé mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ìkòkò ni wọ́n ń lọ gbé. Ohun tí Olórí sọ ló ń ṣẹ lójú rẹ̀ yìí.

Ẹsẹ̀ kò gbé Ìyá Bísóyè dáadáa mọ́, kò tíì gun òkè náà dópin. Níbi tí ọ̀nà ti fún jù ni àwọn asáré ti bá a. Màmá náà jókòó bẹ̀ẹ́ sí àárín ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ fò mí kọjá," ni ó wí. "Àná ni mo fi garawa mẹ́rin bomi rin òdòdó. Òdòdó! Bí ìtìjú kò bá pa yín, ẹ fo ẹsẹ̀ àgbàlagbà kọjá, kí ẹ lọ rọ omi ọmọ ọlọ́mọ pamọ́."

Wọ́n dúró. Etí Ìlú ṣì ń tàn ní ọrùn Abọ́sẹ̀dé. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì jáde lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ mi. Omi tó wà nílẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n ó wà. Bí a bá ń mu ife mẹ́fà mẹ́fà, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òjò. Mo ti ṣe é lórí ìka, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá rọ ju tirẹ̀ lọ, a kò ní bá a. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé mi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

Ó rí i tí wọ́n ń ka ìka. Bàbá tó ń fọ ọkọ̀ lánàá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ tó sáré náà padà, ó fa Ìyá Bísóyè dìde.

Àwọn akanọkọ̀ èbúté ló kọ́kọ́ wọ inú táǹkì lọ wo ibi tó sán. Àgbà wọn, Ládùúró, fi ọwọ́ pa ojú ẹ̀là náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò gùn ju ènìyàn mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lọ.

"Èyí?" ni ó wí. "Èyí ni? Ta ló ní sìmẹ́ǹtì là ń lò sí irú èyí? Oje igi àti òwú la fi ń dí i. Irú rẹ̀ mẹ́fà là ń dí lára ọkọ̀ lóṣù. Ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Kí ló dé tí ẹ kò pè wá?"

Adégòróyè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu Ládùúró ni ìdájọ́ rẹ̀ ti wá. Ìgbìmọ̀ tó jókòó lọ́sàn-án kàn fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ọdún méje, òun àti Òkẹ́.

*

Ìlú fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí ọkọ̀ ìrẹsì. Wọ́n jiyàn lé e lórí láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹlòmíràn sì na ìka sí ojú Abọ́sẹ̀dé pé òun ló lé ọkọ̀ náà lọ, pé orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò fi pe ebi tó ń bọ̀. Kò bá wọn jà. Nígbẹ̀yìn, ohun tí wọ́n kọ kúrú: a kò ní omi fún yín lọ́tẹ̀ yìí, a ní iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ní ìlọ́po méjì, bí ẹ bá padà wá lẹ́yìn òjò, a ó ní omi, fìtílà wa kò sì ní parọ́ fún yín mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ, ọkọ̀ náà yọ. Apẹja kan fi ọkọ̀ kékeré gbé lẹ́tà náà lọ pàdé rẹ̀ lójú omi, ọkọ̀ ìrẹsì sì dẹ ìrìn. Ó já ìlàjì ìrẹsì sílẹ̀, ó kó iyọ̀, kò sì bu omi. Oṣù méjì ni ìrẹsì náà yóò gbé wọn. Wọ́n ti dí táǹkì kẹta, ó ń retí òjò.

Adégòróyè ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, pẹ̀lú àpótí kan. Ó tẹríba fún ìlú. Òkẹ́ dúró lórí afárá èbúté pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó náà kò wo Abọ́sẹ̀dé lójú láti ọjọ́ mẹ́jọ, kò sì wò ó lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Òkẹ́ wí, "ṣé ẹ kábàámọ̀?"

"Púpọ̀," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mi ò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé Etí yẹn kọ́ mi lọ́rùn lọ́la, ohun kan náà ni n ó bèèrè."

Òkẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi." Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú pinpin, ó tú u sílẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ti di àmì kékeré kan ní ìpẹ̀kun òkun, ìyàwó Òkẹ́ ṣì dúró síbẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn. Abọ́sẹ̀dé gbé àga kan láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó gbé e sẹ́yìn rẹ̀. Ó bu ife omi kan nínú mẹ́fà tirẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

Obìnrin náà wo ife náà. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó mu ìdajì, ó sì na ìyókù padà sí Abọ́sẹ̀dé.